Ọwọ́ Tuntun fún Gáńéṣà ní Arcella

Láàárọ̀ Sátidé kan, obìnrin tó ń gbé lókè wa kanlẹ̀kùn. Ó gbé nǹkan kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, aṣọ pupa ló sì fi wé e. Ará Íńdíà ni. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ rẹ̀ sì wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ìlú. Láti ìgbà tí a ti kó dé Arcella, àdúgbò tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Padova ní Ítálì, ohun tó pa wá pọ̀ kò ju ìkíni orí àtẹ̀gùn lọ: kí n bá a gbé báàgì ọjà, kí ó bá mi di ilẹ̀kùn mú. Nítorí náà, nígbà tí mo rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n, àyà mi já. Mo rò pé ọmọ ló gbé dání.

"Signora," ó ní, "mo gbọ́ pé igi lẹ máa ń tún ṣe."

Èdè Ítálì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó wọlé. Ẹ̀kọ́ nípa igi àti igbó ni mo wá kà ní yunifásítì níbí. Nígbà tí mo parí, ilé iṣẹ́ kan tó ń tún ohun onígi àtijọ́ ṣe gbà mí. Laboratorio ni gbogbo wa ń pè é. Àga tí kòkòrò ti jẹ, férémù àwòrán, ère àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n ń gbé wá láti ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà abúlé gbogbo, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Mo ti fi imú tuntun sójú ẹni mímọ́ rí. Mo ti lẹ ìyẹ́ mọ́ áńgẹ́lì lẹ́yìn.

Ó gbé ẹrù rẹ̀ lé orí tábìlì ìdáná, ó tú aṣọ náà díẹ̀díẹ̀. Gáńéṣà ni, òrìṣà wọn tó lórí erin. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kò sì ga ju ìgò òróró lọ. Ó jókòó bí ọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, ikùn rẹ̀ rọ̀ sórí itan, eku kékeré kan sì ń wò ó lójú láti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ mẹ́rin ló ní, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti gé kúrò láti ọrùn ọwọ́.

Kí n tó rántí láti bá obìnrin náà kẹ́dùn, inú mi ti dùn. Ẹni tó gbẹ́ ère yìí mọ iṣẹ́. Ó gbẹ́ ìhunjọ awọ imú erin náà débi pé o fẹ́ fọwọ́ kàn án kí o mọ̀ bóyá ó gbóná.

"Ta ló gbẹ́ ẹ?" mo bi í.

"Bàbá mi ni."

Ọdún tó lọ sílé ọkọ ni bàbá rẹ̀ gbẹ́ ẹ fún un. Nígbà tó ń bọ̀ ní Ítálì, orí itan ló gbé e lé nínú ọkọ̀ òfurufú, kò jẹ́ kí wọ́n kó o mọ́ ẹrù. Bàbá náà ti kú báyìí. Orí pẹpẹ tó wà lókè termosifone, irin tó ń mú ilé gbóná nígbà òtútù, ni ó gbé ère náà sí. Ooru fa omi ara igi gbẹ, igi là. Ọjọ́ tó ń nù ún ni ọwọ́ náà já bọ́. Ó wá a títí, kò rí i. Ó gbà pé ó ti bá pàǹtírí lọ.

Ọdún Gáńéṣà sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní Udine ti sọ pé a kì í bọ ère tó ti kán. Kí wọ́n gbé e sínú odò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, òun á ra tuntun wá.

"Òótọ́ ló sọ, bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe," ni obìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé bàbá mi jù sínú odò Brenta?"

Ó ti pe ìyá rẹ̀ nílé. Ìyá náà bi àlùfáà wọn, àlùfáà sì ní ère inú ilé ni, bí a bá rí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí a tún un ṣe, lẹ́yìn náà àwọn á ké pe òrìṣà náà padà sínú rẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí màmá mi fi jáde láti yàrá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá lo ìgbà ẹ̀rùn yẹn lọ́dọ̀ wa. Diakonéẹ̀sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, orí àdúrà òwúrọ̀ ni wọ́n sì ti ń bọ̀, Bíbélì ṣì wà lábíyá wọn.

"Jésù!" ni wọ́n ké. "Ta ló gbé ère wọlé?"

Ọmọbìnrin mi, tó ń mu mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, dá wọn lóhùn bó ṣe máa ń ṣe, ní Ítálì: "Nonna, è un elefante!"

"Erin wo? Erin wo ló ń káwọ́ lé itan?" Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ tí mo ti ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí o tó mọ̀ ọ́n rìn! Ṣé ibi tí mo ti ń gbàdúrà fún yín lo fẹ́ gbé èyí kalẹ̀ sí?"

Obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó ti ń wé aṣọ mọ́ ère rẹ̀ padà, ó ń sọ "mi scusi, mi scusi" lábẹ́ ohùn.

"Kí ló ń wí?" ni màmá mi béèrè.

"Ó ń tọrọ àforíjì, Màmá. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún un nígbà tó ń relé ọkọ. Bàbá náà ti kú."

Màmá mi gbé Bíbélì kalẹ̀, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

"Bàbá rẹ̀ gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Bàbá tèmi náà gbẹ́ àpótí ìjókòó kan fún mi nígbà tí mo ń relé ọkọ. Wọ́n gbẹ́ ẹyẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ ìsìnkú bàbá mi ni àwọn tó ń se oúnjẹ fi àpótí náà dáná. Wọn ò mọ̀. Èmi náà ò tètè débẹ̀." Wọ́n nu ojú. "Sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn."

Mo sọ ọ́. Mi ò gbọ́ ìtàn àpótí yẹn rí láyé mi. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ lé àyà, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ kan náà, ó di ọwọ́ màmá mi mú lórí tábìlì. Àwọn méjèèjì ń mi orí bí ẹni tó ti mọra tipẹ́.

"Tún un ṣe fún un," ni màmá mi wí níkẹyìn. "Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá ọmọ lò ń tún ṣe, òrìṣà kọ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọ yàrá mi o!"

Láti ọjọ́ náà ni màmá mi ti sọ aládùúgbò wa ní Ìyá Òkè.

Igi tíìkì ni ère náà, irú èyí tí wọ́n gbìn lọ súà lẹ́bàá ọ̀nà nílé. Mo mọ òórùn rẹ̀ kí n tó fi awò wò ó. Ọ̀gá mi ní laboratorio rí i, ó súfèé, ó sì lọ tú ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú pákó tíìkì kan jáde fún mi, tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan ní Chioggia. Igi ti wà. Ohun tó kù ni pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ gbẹ́. Ọwọ́ tó sọnù náà kò ṣófo: oúnjẹ dídùn kan tí Gáńéṣà fẹ́ràn, tí wọ́n ń pè ní módàkì, ló wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Gbogbo fọ́tò tí Ìyá Òkè ní, òdòdó ló bo ibẹ̀.

"Ó rí bí áyù," ó ní. Ó tún rò ó. "Rárá, kò rí bí áyù. Ẹ dúró."

Lọ́jọ́ kejì ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti abọ́ tó ń rú èéfín. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ló fi mọ ọ́n, ó fi ìka ṣẹ́ ẹ ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po títí dé ṣóńṣó orí, ó sì fi ooru omi gbígbóná sè é. Màmá mi na ọrùn wò ó.

"Bi í bóyá ó ti fi bọ nǹkan."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo béèrè. Ìyá Òkè bú sẹ́rìn-ín. "Rárá o, Mamma! Kò tíì dé iwájú Gáńéṣà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i."

Màmá mi dijú, wọ́n gbàdúrà lé e lórí pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń gbà á sórí iyán lọ, wọ́n sì gé e jẹ. Ojú wọn là.

"Àgbọn! Àgbọn ló wà nínú ẹ̀!"

Kí n tó mú pẹ́ńsù àti rúlà dé, abọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Mo gba èyí tó kù, mo gbé e sórí àwo kékeré kí n lè máa wò ó gbẹ́. Ẹnìkan pè mí lórí fóònù. Nígbà tí mo padà dé, ọmọ mi ń lá ìka.

"Era buonissimo, mamma," ó ní, ìyẹn ni pé ó dùn gan-an.

Ìyá Òkè ní láti tún òmíràn ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí màmá mi bá a gòkè lọ láti kọ́ ọ. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn rárá, síbẹ̀ ẹ̀rín ni mò ń gbọ́ láti òkè àjà ní gbogbo ọ̀sán náà. Nígbà tí màmá mi padà, ìyẹ̀fun ti kún gèlè wọn. Wọ́n gbé èyí tí àwọn fúnra wọn mọ fún mi. Ó wọ́ díẹ̀, ó sì lẹ́wà. Òun ni mo wò gbẹ́.

Mo gbẹ́ ọwọ́ náà lórí báńkóní ilé wa, mo fi èèkàn igi tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án mọ́ apá láìlo ìṣó, mo fi àwẹ́ igi dí ibi tó là, mo sì fi tíì tó ki dáadáa kùn ún títí àwọ̀ rẹ̀ fi bá ti àtijọ́ dọ́gba.

Lọ́jọ́ ọdún náà, ilé Ìyá Òkè kún. Màmá mi ní àwọn ò ní gòkè nígbà àdúrà wọn. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n dúró sí, wọ́n wọ léèsì ọjọ́ ìsinmi, wọ́n gbé abọ́ pọ́fùpọ́fù dání. Ìgbà tí agogo dákẹ́ ni wọ́n tó gòkè. Bí wọ́n ṣe wọlé báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn. Màmá mi rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá wọn wá a nílẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin ni wọ́n ń kí!"

"Èmi?" Wọ́n nàró, wọ́n tún gèlè ṣe. "Ha, ẹ kú ẹ̀kọ́ ilé o! Ọlọ́run á bù kún yín."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà ti dé láti Udine tòun ti ère tuntun nínú páálí, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó ní irunmú tó dí. Ó wọ awò ojú, ó tẹ̀ síwájú Gáńéṣà, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì.

"Ọwọ́ wo ló gé?"

"Ẹ sọ fún wa," ni Ìyá Òkè dá a lóhùn.

Ó ronú pẹ́, ó sì nawọ́ sí èyí tó di àáké mú. Gbogbo ilé hó. Ọkọ Ìyá Òkè rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ẹ̀gbọ́n náà wò mí, ó wo ère, ó ti páálí rẹ̀ sábẹ́ àga, ó sì ní tuntun yẹn á wúlò fún òun ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ó bu pọ́fùpọ́fù, ó tún bu òmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ tó fi tàn. Obìnrin kan gbé ère Lákṣímì, òrìṣà obìnrin wọn, tí kòkòrò ti jẹ lẹ́sẹ̀ wá láti Brescia. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Torino lọ́dọ̀ tọkọtaya kan tí ère Kríṣínà wọn, òrìṣà afọnfèrè, ti sọ fèrè rẹ̀ nù. Ìrẹsì olóòórùn dídùn ni wọ́n fi gbà mí lálejò, wọn kò sì jẹ́ kí n kúrò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀gá mi ti ya igun kan sọ́tọ̀ fún wọn ní laboratorio, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹni mímọ́ abúlé, oòrùn òwúrọ̀ sì ń kan gbogbo wọn pọ̀.

Màmá mi ti padà sílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló bi wọ́n pé iṣẹ́ wo gan-an ni ọmọ wọn ń ṣe ní Ítálì.

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní bí ọwọ́ bá gé, ìwọ lò ń dá a padà. Wọ́n ní, 'Ọmọ yín ti di dókítà!' Mo ní, 'Ẹ ṣé o, Ọlọ́run ló ṣe é.'"