Kì í Gba Ẹ̀bẹ̀

Bí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ mi bá kọ lẹ́tà pupa sí mi, òórùn ata tí Mummy sá sẹ́yìnkùlé wa ní Ìkòsí ló máa ń wá sí mi nímú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Mummy sá ata náà, Daddy ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Torí pé kọ̀ǹpútà àwọn àgbàlagbà ni, mo fi “ẹ jọ̀ọ́” ṣáájú àṣẹ mi. Lẹ́tà pupa ló fi dá mi lóhùn: àṣìṣe.

Daddy rẹ́rìn-ín. “Kì í gba ẹ̀bẹ̀. Yọ ọ́ kúrò.”

Mo yọ ọ́. Ó kọ ohun tí mo fẹ́: Ẹ káàbọ̀, Daddy.

Daddy dìde, wọ́n fa síìpù báàgì aṣọ wọn pa.

“Daddy Tósìn, ẹ jọ̀ọ́,” Mummy bẹ̀ wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Daddy gba ẹ̀gbẹ́ Mummy kọjá.

Wọn ò tún padà wá mọ́.

Lọ́jọ́ náà, títí ilẹ̀ fi ṣú, bí géètì bá ti dún, mo ń tẹ kọ̀ǹpútà kó lè tètè kí wọn.