Dikóódà Inú Yàrá Alága

Kò sí ohun tó dùn mọ́ Alága ẹgbẹ́ onílé nínú tó pé kí ó di nǹkan mú, kí ẹlòmíì máa wá tọrọ rẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ńlá wọ pálọ̀ wọn, ó ní ó dáa, kí ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú yàrá òun ni dikóódà máa gbé. Ó ju wáyà kúkúrú tó wà nínú páálí, èyí tó ń so dikóódà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ra gbọọrọ kan tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, tó na gbogbo kọ́ríídọ̀ já kí ó tó dé pálọ̀. Orí ibùsùn ló ti ń yí ìkànnì. Bí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn, á lọ kan ilẹ̀kùn.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ní sùúrù: bí àwòrán ò tiẹ̀ mọ́, á kàn máa ṣe wúruwùru, èèyàn á ṣì mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ti òde òní ò gba gbẹ̀rẹ́. Bí wáyà bá mọ níwọ̀n, àwòrán á mọ́ gaara. Bí ó bá gùn jù, á rẹ àwòrán sójú ọ̀nà, á ṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì ṣókùnkùn, àtohùn àtàwòrán.

“Dádì, ẹ jẹ́ ká gbé dikóódà wá síwájú, ká fi wáyà kúkúrú yẹn sí i,” ọmọbìnrin rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ wáyà mọ́lẹ̀!” Ó fòfin de bàtà ní kọ́ríídọ̀. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Àfi bí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ṣe pè é wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ilé. Wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n ní ọ̀sán Sátidé làwọn máa gbé e jáde. Alága ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Àmọ́ ojú àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an ló ń wá. Ká má parọ́, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi ìwúrí wò ó nínú ilé yẹn.

Sátidé dé. Gbogbo wọn jókòó. Ojú Alága yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó la ẹnu, àwòrán ṣẹ́jú, ó parẹ́.

“Ta ló tẹ wáyà?”



“Dádì wọn,” ìyàwó rẹ̀ rọra sọ, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá. Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ fẹ́ ká wò ni?”

Alága wọ yàrá. Wọ́n rò pé ó lọ gbé e. Ó kàn ki ẹnu wáyà bọ ihò rẹ̀ dáadáa ni, ó padà wá lọ́wọ́ òfo. Òkùnkùn ṣì ni.

Ìyàwó rẹ̀ dìde. “Ẹ jẹ́ ká sáré dé ọ̀dọ̀ aránṣọ.”

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn àti aránṣọ. Alága dá dúró ní pálọ̀, ó gbọ́ tí wọ́n jókòó, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ketekete látinú tẹlifíṣọ̀n aránṣọ:

“Nínú ilé tèmi, mi ò kì í dá pàṣẹ. Gbogbo wa la jọ ń sọ ọ́.”

Ẹ̀rín bú sẹ́yìn ògiri. Ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá mọ̀, nítorí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti kó wọ ilé náà.