Kànga tí Mo Ní Kò Sí Nǹkan Nínú Rẹ̀

Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ni bàbá mi ń ṣe ní Igbó-Ọrà. Nígbà náà, sòbìyà ń dá àwọn ará oko wa dùbúlẹ̀, àwọn oníṣègùn sì ti là wá lọ́yẹ̀ pé inú omi adágún la ti ń mu ún, nítorí náà gbogbo agbo ilé ló fẹ́ ní kànga tirẹ̀. Láti ìlú Tápà títí dé Ayétẹ̀, bàbá mi kì í sinmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bàbá mi kì í ṣàdédé wọ kànga. Wọ́n á so àtùpà tó ń jó mọ́ okùn, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá kú, wọ́n á gé ẹ̀ka igi eléwé, wọ́n á dì wọ́n pọ̀, wọ́n á máa fi wọ́n fẹ́ inú kànga náà sókè sódò, kí wọ́n tó tún sọ àtùpà kalẹ̀. Ó lè gba ìdajì ọjọ́. Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, ó kàn ní kànga tó bá lè pa iná lè pa èèyàn.

Èmi wá mọ ìdí rẹ̀. Mo ti wà ní kíláàsì kẹrin girama, orí mi sì ti wú. Tíṣà sáyẹ́ǹsì wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ló kọ́ wa pé gáàsì kan wà nínú èémí tí à ń mí síta, kábọ́nì dáyọ́ọ́sáìdì. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, á sì máa sùn sí ìsàlẹ̀ kòtò. A kò ní ẹ̀rọ tó lè wọ̀n ọ́n. Ohun tí a ní ni omi kan tó mọ́ gaara, tí tíṣà fi ìyẹ̀fun funfun kan ṣe. A ó ki ọ̀pá bírò bọ̀ ọ́, a ó fẹnu fẹ́ ẹ, omi náà á sì funfun bí omi ògì. Tíṣà ní bí a bá ṣí i sílẹ̀ níbi tí gáàsì yẹn pọ̀ sí, ojú rẹ̀ á funfun bákan náà. Kí a tó lò ó, tíṣà á kọ́kọ́ ní kí ẹnì kan fẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ wò, ká lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Èmi ka ìyẹn sí ìfàkókò-ṣòfò.

Mo délé, mo ròyìn rẹ̀. Bàbá mi tí wọn kò mọ̀wé rárá jókòó tì mí, wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè bí ọmọ iléèwé.

"Gáàsì un náà ló ń pa àtùpà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá a jà, n ò mọ orúkọ ẹ̀!"

Kò sí ẹni tó wọlé wa lọ́sẹ̀ náà tí kò gbọ́ lẹ́nu bàbá mi pé ọmọ àwọn mọ orúkọ ohun tó ń gbé inú kànga. Mo bá pinnu pé n ó ṣe omi náà fún wọn. Ìyẹ̀fun tíṣà funfun, ó kúnná. Lójú tèmi, ẹfun ni, ẹfun tí wọ́n ń tà lọ́jà. N kò béèrè. Ta ní í béèrè ohun tó rò pé òun mọ̀? Mo ra ẹfun, mo gún un, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo fi gèlè Màámi sẹ́ ẹ. Ó mọ́ gaara. Inú mi dùn débi pé n kò fẹ́ ẹ wò.

Láàárọ̀ Sátidé kan, bàbá mi fẹ́ wọ kànga kan lẹ́yìnkùlé aládùúgbò wa. Onílé ti dé e pa láti ọdún tó kọjá, ewé sì ti jẹrà sí inú rẹ̀. Mo so ìgò mi mọ́ okùn, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí mo fà á sókè, omi náà ṣì mọ́.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, Bàámi."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Màámi ti tan àtùpà, wọ́n ń gbé e bọ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, gbé àtùpà un padà," ni bàbá mi wí. "Ọmọ ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín bí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ lọ. Àbúrò wọn ló di okùn mú. Ó pè wọ́n, wọn kò dáhùn. Ó kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ló gbà wọ́n lọ́kàn. Nígbà tí àwọn èèyàn fi ìkọ́ fà wọ́n jáde, kò sí èémí nínú wọn mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a ti sin wọ́n.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, mo rí ìgò mi lẹ́yìn àmù. Mo ki ọ̀pá bírò bọ̀ ọ́, mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ títí òòyì fi kọ́ mi. Omi náà kò yí padà. Ẹfun kọ́ ni ìyẹ̀fun tíṣà. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìbá gbà mí láàárọ̀ Sátidé yẹn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àtùpà yẹn ni àkísà bàbá mi, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìtìjú ni, ẹ̀rù sì ni. Aráàlú ní àkókò ló tó. Mo kàwé síwájú, èmi náà di tíṣà sáyẹ́ǹsì ní Èrúwà. N kì í gba ọmọ kankan láyè láti lo omi yẹn láìkọ́kọ́ fẹ́ ẹ wò, wọ́n sì ń pè mí ní oníkanra.

Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí èmi àti Màámi jọ ń bó ẹ̀gúsí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n dá ọwọ́ dúró.

"Èmi ni mo pa bàbá yín," ni wọ́n wí.

Mo ní kí ló dé.

"Àtùpà wà lọ́wọ́ mi, ó ń jó. Ká ní mo rin kinkin mọ́ ọn ni, wọn ì bá gbà. Ṣùgbọ́n karosíìnì wọ́n, mo bá fẹ́ ẹ pa. Ìwọ ti ṣe tìẹ, omi rẹ ò rí nǹkan. Àtùpà ni ì bá rí i."

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún wọn. "Màámi," ni mo wí. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wò mí.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi yín."

"Ẹ̀bi ta wá ni?"

Mo tẹ orí ba, mo ń bó ẹ̀gúsí lọ. Màámi kú ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, ẹ̀bi mi ni wọ́n sì gbé lọ sí sàréè.