Ìlà Ọparun Sutarno

Sutarno, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, tó ń darí ọkọ̀ ní ààtàn ìjọba, kò lè fìdí kalẹ̀ láti àná. Ọparun mẹ́fà ló rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkìtì ìdọ̀tí ní ìlà kan, kó lè mọ̀ bí òkìtì náà bá ń yẹ̀. Lẹ́yìn òjò, méjì àárín ti sún sísàlẹ̀, síhà àtíbàbà àwọn tó ń ṣa ike.

Hendra, ọ̀gá rẹ̀, rẹ́rìn-ín. “Bàbá Tarno, ewúrẹ́ ló fara nù ún.”

“Ewúrẹ́ wo ló ń ti igi méjì dọ́gba-dọ́gba, ọ̀gá?”

Ó na àsíá pupa, ó dá gbogbo ọkọ̀ padà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Marni, tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn tó ń ṣa ike, nídìí ìkòkò rẹ̀.

“Ìyá Marni, ẹ kó kúrò níbí.”

“Igi yín tún ti sọ̀rọ̀ nìyẹn!” Síbẹ̀, ó gbé ìkòkò.

Ẹnjiníà ń bọ̀ wá yẹ òkìtì náà wò lọ́jọ́ Ajé, láago mẹ́jọ àárọ̀.