Ẹni Tó Ń Fi Orúkọ Bàbá Mi Wọlé

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a sin bàbá mi, mo rí i pé ó ṣì ń lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Orí mi kò dàrú o. Nígbà tó wà láyé, ìjọba gbé ìkànnì kan jáde, wọ́n ní orúkọ kan àti páswọ̀ọ̀dù kan péré ni èèyàn yóò máa fi ṣí gbogbo nǹkan níbẹ̀: owó orí, ìwé ọkọ̀, ìwé ilé. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn súìtì. Èmi ni mo bá a forúkọ sílẹ̀ ní káfẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Festac. Mo bá a gbé fọ́tò rẹ̀ sí i, èyí tó ti wọ táì, tó le ojú koko. Òun fúnra rẹ̀ ló yan páswọ̀ọ̀dù. Mo rò pé èmi àti òun nìkan la mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó kù kí á yí ìwé ilé sí orúkọ màmá mi. Ilé yẹn nìkan ló fi sílẹ̀ fún un. Akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì tí mo lọ sọ fún mi pé opó fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti àkáǹtì olóògbé pa lórí ìkànnì náà, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Mo gbàyè níbi iṣẹ́ mi ní Trade Fair lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ sí káfẹ̀ láti wo bí a ṣe ń ṣe é kí n tó mú màmá mi wá. Mo tẹ ohun tó yẹ kí n tẹ̀. Ìkànnì náà kí bàbá mi káàbọ̀ lédè òyìnbó, ó pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, fọ́tò yẹn sì ń wò mí. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ìgbà tó wọlé kẹ́yìn síbẹ̀.

Àárọ̀ àná ni.

Ara mi bù máṣọ. Mo pariwo pé, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó sì fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Mo tan ara mi pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe wérewère. Ọjọ́ kejì mo padà lọ wò ó. Ó tún ti wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, láti orí kọ̀ǹpútà káfẹ̀ yìí kan náà.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni pé kò mú nǹkan kan. Olè á jí nǹkan, gbájú-ẹ̀ á yí nǹkan padà. Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò fínnífínní. Nọ́ńbà fóònù ṣì jẹ́ ti bàbá mi, ìwé ilé wà bó ṣe wà. Ẹni yìí kàn ń wọlé, á dúró díẹ̀, á sì jáde. Mo tilẹ̀ fura sí àwọn ẹbí bàbá mi, nítorí bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìyá àgbà máa ń sọ fún wa nípa àkúdàáyà, òkú tó lọ fìdí kalẹ̀ sí ìlú mìíràn, tó ń ṣòwò, tó ń rẹ́rìn-ín, títí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú yóò fi pàdé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ́ mi pé irọ́ ni. Síbẹ̀, bí mo bá ń kọjá níwájú káfẹ̀ náà, mo máa ń yọjú wo gbogbo àga tó wà níbẹ̀.

Mi ò sọ fún màmá mi. Mo pe akunlé kan, mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri wa pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí aráyé ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀. Ààbò tí ará Èkó mọ̀ nìyẹn. Màmá mi jáde wá, ó ka ọ̀dà pupa náà, ó ní, "Ta ló ní òun fẹ́ rà á?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó sú mi, mo pinnu láti lọ ká ẹni náà mọ́bẹ̀. Mo lọ sí káfẹ̀ ní kété tí wọ́n ṣí i, mo jókòó sí kọ̀rọ̀, mo dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Jẹnẹrétọ̀ ń han lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Àfi bí màmá mi ṣe wọlé.

Ó ti wé gèlè, ó ti kun pańkéèkì, bí ẹni tó fẹ́ lọ kí èèyàn pàtàkì. Àǹtí tó ń tọ́jú káfẹ̀ ní, "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà. Síìtì yín ti wà ní rẹ́dì." Màmá mi, tó jẹ́ pé èmi ni mò ń bá a tẹ nọ́ńbà lórí fóònù! Kò rí mi. Mo dìde, mo lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni páswọ̀ọ̀dù náà, èyí tó jẹ́ pé bàbá mi nìkan ló ń fi pè é nínú ilé wa. Ìkànnì ṣí, orúkọ bàbá mi yọ, fọ́tò rẹ̀ yọ. Màmá mi tẹ orúnkún díẹ̀ nídìí àga.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà."

Mo rọra ní, "Mọ́mì."

Kò tilẹ̀ ta gìrì. "Dádì ẹ ló fi hàn mí kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Olóògbé, olóògbé ni gbogbo èèyàn ń pè é báyìí. Ibí yìí nìkan ni wọ́n ti ń kí i bí ẹni tó wà."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún ń bí mi. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ akọ̀wé fún un. Bí a kò bá tì í pa, ilé kò ní di tirẹ̀ láéláé, ẹni tó bá sì jí páswọ̀ọ̀dù yẹn lè gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tẹjú mọ́ fọ́tò náà.

"Tá a bá tì í, ṣé kò ní yọjú mọ́?"

"Kò ní yọjú mọ́, mà."

"Fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn mí."

Ìkànnì náà ní kí opó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ ní kíkún. Mo na ọwọ́ láti bá a kọ ọ́, ó gbá ọwọ́ mi kúrò. Màmá mi kò pe orúkọ bàbá mi rí. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í léèrè ẹni tó wá wò ní ọsibítù, èmi ló wò lójú pé kí n dáhùn. Báyìí, ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pe orúkọ náà jáde lẹ́nu bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àkọ́kọ́, ti àárín, ti ìdílé. Àwọn èèyàn yíjú wò wá. Ó tẹ̀ ẹ́ parí. Fọ́tò náà lọ, ojú kọ̀ǹpútà wá funfun báláú.

Màmá mi tún pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni ń pe ará ilé láti ìta. Ó ń retí ìdáhùn. Èmi náà tẹ́tí sílẹ̀.