Ọjọ́ Tí Wọ́n Na Àjẹ̀ Sí Mi Ní Ṣáínà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí omi ni ilé wa wà, ní Ìlàjẹ. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n la fi ń lọ síléèwé, òun náà la fi ń lọ ra iyọ̀. Mo ti sọ èyí fún àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Berlin títí ó fi sú wọn. Bí wọ́n bá ti ń ráhùn pé bọ́ọ̀sì Märkisches Viertel, àdúgbò wa, pẹ́ jù, màá ní èmi tí mo ń tukọ̀ lọ síléèwé lọ́mọ ọdún méje ńkọ́?

Àgbà inú wọn, obìnrin ni, ó fẹ́ràn ìtàn yẹn ju oúnjẹ lọ. Ó dàgbà, ó ríṣẹ́ ní Hamburg, nílé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun. Lọ́dún tó kọjá iṣẹ́ gbé e lọ sí Ṣàngáì, ó ní àfi kí èmi náà wá. Ìlú àtijọ́ kan wà nítòsí ibẹ̀ tó jẹ́ pé omi ni títì wọn. Ó ní bí òun ṣe rí i, èmi lòun rántí.

Ẹ gbọ́, ibẹ̀ dára. Àwọn ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ewé di ìrẹsì bí àwa ṣe ń pọ́n ẹ̀kọ. Ìyá kan tí kò kéré sí mi ló ń tu ọkọ̀ wa. A dé àárín omi, ọmọ-ọmọ mi fi fóònù tó ń túmọ̀ èdè sọ fún un pé láti kékeré ni mo ti ń tukọ̀, ìyá rẹ́rìn-ín, ó bá na àjẹ̀ sí mi. Ọmọ ti gbé fóònù sókè láti yà mí fún gbogbo ẹbí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tukọ̀ rí láyé mi! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń tù ú. Èmi, màá di etí ọkọ̀ mú láàárín, màá máa ké títí a ó fi dé iléèwé. Nínú gbogbo ọmọ Ìlàjẹ, èmi nìkan lomi ń bà lẹ́rù.

Ìtìjú ò jẹ́ n sọ ọ́. Mo ní àjẹ̀ wọn gùn jù, kì í ṣe irú tiwa. Ọmọ ní kò sí wàhálà, omi lomi ń jẹ́. Mo dìde, mo fa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ pòòyì. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó forí sọ ẹsẹ̀ afárá. Àwọn tó wà lókè pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ti lé lọ́gbọ̀n. Mo jókòó gbì, mo bú sẹ́kún.

Ọmọ-ọmọ mi gbé fóònù kalẹ̀, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Màmá Àgbà, ta ló ń tu ọkọ̀ yẹn nígbà náà?"

Mo jẹ́wọ́. Mo ní ibà ló pa ẹ̀gbọ́n mi kó tó pé ogún ọdún, mo sì gba ìtàn rẹ̀ ṣe tèmi. Kò bínú. Ó ní kí n sọ ọ́ látòkè délẹ̀, bó ṣe rí gan-an.

Láyé tiwa, àgbà lè pa irọ́ ìgbà èwe rẹ̀ kó sì gbé e wọ sàréè, ta ni yóò dán an wò? Ọmọ òde òní á fi bàálù gbé ẹ lọ síbi tí àṣírí ti máa tú. Ó dùn mí díẹ̀, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá wá kí mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìtàn ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń béèrè. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn kẹ́yìn.