Iná Iwájú Ọkọ̀ Ìjàpá Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí iná iwájú ọkọ̀ ìjàpá wa máa ń pọ́n bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń gbẹ lọ. Bí ọmọ mi obìnrin bá tàn án nínú àgbàlá wa ní Adéwọlé, agbára káká ni ìmọ́lẹ̀ náà fi ń dé ara ògiri. Ọmọ náà ń kùn sí i lójoojúmọ́. Èmi kì í kùn. Òke-Oyi ni ó ti ń ṣe tíṣà, ọ̀nà ibẹ̀ sì kún fún ọ̀kadà tí kò níná àti màlúù tí ń ré títì kọjá. Níwọ̀n ìgbà tí iná ọkọ̀ kò ti dára, dandan ni kí ó kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Màgáríbì, mo ti ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní àdúgbò wa. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n iná tí kò mọ́lẹ̀ yẹn ló ń bá mi ṣọ́ ọmọ.

Bàbá mi ló ni ọkọ̀ náà kó tó di tiwa. Oníṣẹ́ awọ ni nítòsí Ọjà-Ọba. Òun ló ń bá àwọn àfáà rán awọ sára tírà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a rí ìdì awọ kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, láàárín àwọn wáyà, tí a rán ẹnu rẹ̀ pa. Ojú abẹ́rẹ́ bàbá mi ni, kò sí ẹni tí kò dá a mọ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Tírà ìrìnàjò ni. Gbogbo rìwáyà tó ti tún iná ọkọ̀ náà ṣe ló ń yà fún un. Èmi fúnra mi, kí n tó fún ọmọ ní kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, mo máa ń na ọwọ́ sábẹ́ ibẹ̀ kí n mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan ni ọmọ mi sọ pé ilé-ìwé àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, àti pé òun ti rí rìwáyà tí yóò fi rílè, ohun tó ń mú kí iná mọ́lẹ̀ dáadáa, sí iná ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dùn mọ́ mi nínú. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń wá iná, òkùnkùn ló fẹ́ rìn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti rí ọkùnrin tí ó fẹ́ máa lọ bá ní ọkàn mi, ẹni tí n kò rí lójú rí. Mo ti fún un ní irùngbọ̀n, mo ti fún un ní ìyàwó méjì sílé.

Rìwáyà náà dé ní àárọ̀ Sátidé. Ó mọ́ tónítóní, èyí gan-an ló sì kọ́kọ́ kọ mí lóminú, nítorí n kò rí rìwáyà tí èékánná rẹ̀ funfun rí. Ìfura loògùn àgbà; mo gbé àga síwájú ọkọ̀, mo jókòó tì í.

“Àwọn wáyà tí ẹ bá yọ ńkọ́?” mo bi í.

“N kò ní yọ nǹkan kan, Àlájà. Bí mo bá tiẹ̀ yọ ọ́, ṣé ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?”

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣàlàyé pé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn tí bátìrì wà ni agbára ti ń bọ̀, pé inú sùwíìṣì ni ó ń gbà, lórí wáyà tín-ín-rín tó ti gbó, kó tó dé iwájú. Kó sì tó débẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó tan iná, ó fi mítà wọ̀n ọ́. Lórí bátìrì, ó ju fólítì méjìlá lọ. Lẹ́nu gílóòbù, kò pé mẹ́wàá. Mo ní kí ó fi mítà náà wọn bátìrì ọkọ̀ aládùúgbò wa, kí n lè mọ̀ bóyá mítà ló ń purọ́. Ó wọ̀n ọ́. Mítà kò purọ́.

Ó ní wáyà tuntun tó nípọn ni yóò máa gbé agbára láti ọ̀dọ̀ bátìrì wá sínú rílè, tí rílè yóò sì gbé e fún iná. Sùwíìṣì kàn máa ránṣẹ́ sí rílè pé kó ṣílẹ̀kùn ni.

“Láti ọ̀dọ̀ bátìrì tààrà? Dáírẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ ṣe fún mi! Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ mi jóná ni?”

“Fíúsì á wà lẹ́nu bátìrì, ìyá mi. Bí wáyà bá ní wàhálà, fíúsì ni yóò kọ́kọ́ kú.”

Mo gba fíúsì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sókè sí oòrùn, mo yẹ inú rẹ̀ wò. Mo ní ọ̀kan kò tó. Kí iná ìsàlẹ̀ ní rílè àti fíúsì tirẹ̀, kí iná òkè náà ní tirẹ̀, kí ọkọ̀ má baà ṣókùnkùn pátápátá bí ọ̀kan bá kú lójú ọ̀nà.

“Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn,” ni ó wí. “Àbí kí n kó irinṣẹ́ fún yín, kí èmi wá jókòó sórí àga?”

Lẹ́yìn náà ni ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti wá wáyà tí yóò máa jíṣẹ́ fún rílè. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

“Àlájà, kí lẹ so mọ́ inú ọkọ̀ yìí?”

“Tírà bàbá mi ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án.”

“Wáyà iná ló wọ inú rẹ̀, tó tún jáde lódìkejì. Ó sì gbóná.”

Ìfura wá ká àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ nínú àgbàlá. Rìwáyà ń wò mí bí ẹni tó dẹ pańpẹ́ sínú ọkọ̀. Èmi rò pé àwáwí ló ń wá kí ó lè mú ohun bàbá mi lọ. Ọmọ mi ní kí n jẹ́ kó tú u.

“Ta ni yóò tú tírà bàbá mi?”

“Mọ́mì, èmi ni mò ń jókòó sídìí ẹ̀ lójoojúmọ́.”

Mo dìde lórí àga. Mo ní kí rìwáyà tú orí bátìrì. Mo ṣe àlùwálá, mo mú abẹ, mo ṣe bísímílà, mo sì já òwú bàbá mi fúnra mi, nítorí n kò lè fi ìyẹn síkàáwọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìwé kankan nínú rẹ̀. Orí wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra ni. Aṣọ tí a fi wé e ti di èérú, inú awọ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Wáyà ló já mọ́ bàbá mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, awọ ló sì wà nítòsí, ó fi dì í, ó rán an bó ṣe mọ̀ ọ́n rán. Àwa la sọ ọ́ di tírà.

“Iná lẹ ń gbé kiri,” ni rìwáyà wí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ó gé ibi tó jóná kúrò, ó so wáyà náà bó ti yẹ, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Nígbà tí ọmọ mi tan iná, tí rílè dún pẹ́, ògiri wa funfun báláú lójú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ó pàtẹ́wọ́. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yọ ọ́ nínú iná, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ohun tí yóò máa lé e bọ̀ wálé fún mi mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, a kírun Màgáríbì tán, n kò gbọ́ ìró ọkọ̀. Mo jáde lọ dúró láàárín títì àdúgbò wa, kí n lè tètè rí ọkùnrin tí wọ́n jọ ń bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan yà wọ àdúgbò, ó sì bò mí lójú. Mo fi ọwọ́ bo iwájú orí, mo ń wò, n kò rí ọkọ̀, n kò rí ẹnikẹ́ni.

“Mọ́mì, ẹ kúrò lójú ọ̀nà, kí n rí ibi wọlé!”

Òun nìkan ni, àti ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé lórí ìjókòó kejì.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, ọ̀nà Òke-Oyi kò sì tíì yí padà, nítorí náà mo ṣì ń jáde lọ dúró dè é, mo sì ń bi í ní ìbéèrè kó tó pa ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ń dúró sí.